Má Jẹ́ Ìpè Ẹni Tí O Kò Rí
Ní Kánò tí a dàgbà sí, ìyá wa a máa kìlọ̀ pé bí a bá gbọ́ orúkọ wa tí a kò rí ẹni tó pè wá, kí a má ṣe dáhùn. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́.

Ní 2023, a fi Ruby on Rails gbé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa sórí kọ̀ǹpútà. Dípò kí a kọ ìlà kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a fi ẹyọ kan rọ́pò gbogbo wọn: Member.send(params[:ise]). Iṣẹ́ tí àlejò bá tẹ orúkọ rẹ̀, òun ni Member yóò jẹ́. A ní a ti gbọ́n!

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan tẹ delete_all. Member jẹ́ ẹ. Orúkọ 84 lọ ráúráú. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tún wọn kọ láti inú risíìtì akápò.

Àwọn kan ní kí a lo public_send. Lóòótọ́, ìyẹn kì í wọ yàrá tí a ti lẹ̀kùn mọ́ private, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni delete_all wà. Ohun tó gbà wá ni pé a ka orúkọ iṣẹ́ mẹ́ta péré sílẹ̀. Ìpè tí kò bá sí nínú wọn, Member kò gbọdọ̀ dáhùn.

Ẹ̀yin ará, ìyá wa kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, síbẹ̀ wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wa.