Àwọn Ẹyẹ Àlejò Ìgbà Ọyẹ́ ní Fidjrossè

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí kan ẹni tó ń jẹ ẹja, ó kan ẹni tó bí ọmọ, ó sì kan ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kà.

Fidjrossè ni mò ń gbé, ní Kútọnù, níbi tí ọ̀nà etí òkun tó lọ sí Ouidah ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Kétu ni mí. Ní Kétu, bí ọyẹ́ bá dé, ètè á là, ara á funfun, koríko á gbẹ. Ní etí òkun níbí, ọyẹ́ kì í le tó bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ni mo fi ń mọ ìgbà. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, àwọn ẹyẹ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dé tí wọn kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa. Wọ́n á wà títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, wọ́n á sì padà lọ.

Ẹ dìde ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ rìn lọ sí etí omi. Ẹ ó rí àwọn ẹyẹ kéékèèké kan, ẹ̀yìn wọn rí bí eérú, inú wọn funfun. Bí ìgbì bá padà sínú òkun, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á máa ṣa kòkòrò jẹ nínú yanrìn tútù. Bí ìgbì bá tún ń bọ̀, wọ́n á sá fún un. Ẹsẹ̀ wọn ń yára bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀kan nínú wọn kò wúwo ju bí ẹyin adìẹ lọ. Síbẹ̀, Greenland àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní òkè àríwá ayé ni wọ́n ti ń yé ẹyin. Nígbà òtútù níbẹ̀, omi á dì bí òkúta, oòrùn kì í sì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá.

Àwọn kan nínú alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń rí lórí wáyà iná náà, àlejò ni wọ́n. Ní 1911, ọkùnrin kan ní England fi òrùka sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1912, wọ́n rí ẹyẹ yẹn ní South Africa, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà pátápátá.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn ẹyẹ funfun tí orí wọn ní dúdú, tí ìrù wọn là sí méjì. Àwa ará Kétu kì í ṣe ará òkun, ẹyẹ òkun lásán ni à ń pè wọ́n. Faransé ń pè wọ́n ní sterne. Wọ́n á dúró lójú òfuurufú, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á já ṣòòrò sínú omi. Ibi tí wọ́n bá ti ń já léraléra, ẹja wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn apẹja mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ ojú omi tó yí orí padà nítorí ẹyẹ.

Àwọn ọmọ wa ń mú ẹyẹ yìí. Wọ́n á fi okùn ọ̀rá ta ojóbó, wọ́n á fi ẹja kékeré sí i, ẹyẹ á kó sí i. Àwọn kan ń sun ún jẹ. Àwọn mìíràn kàn so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa fi ṣeré títí yóò fi kú. Èmi kì í bá ẹni tí ebi ń pa jà. Ṣùgbọ́n ẹran ara ẹyẹ yìí kò kún àtẹ́lẹwọ́, ẹyin díẹ̀ péré ló sì ń yé lọ́dún. Ní Ghana, àwọn ọmọ etí òkun máa ń mú un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà kan, tí irú rẹ̀ kan tó ń yé ẹyin ní Ireland àti England fi dín kù nígbà náà. Ní 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbẹ̀ láti dáàbò bò ó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì kọ́ wọn ní orúkọ ẹyẹ. Èyí sàn ju pàṣán lọ, lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kàn yín gan-an, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ẹlẹ́ja kan mú òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wá sí kíláàsì wa. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ẹyẹ òkun kan tó kú sí etí omi. Ó ní, "Olùkọ́, nǹkan wà lára rẹ̀." Mo mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n n kò sọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ kà á." Ó súnmọ́ iná. M, U, S, E, U, M. Ìyẹn kò yé e. Ó yí òrùka náà. P, A, R, I, S. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pariwo pé, "Páríìsì!" Gbogbo kíláàsì ló dìde.

Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ló ń fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà ti ẹyẹ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Èyí tí wọ́n fi sí i ní England máa ń ní LONDON lára. Bí ẹ bá rí i lẹ́sẹ̀ ẹyẹ tó wà láàyè, ẹ ka nọ́ńbà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹyẹ náà lọ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Bí ó bá ti kú, ẹ lè bọ́ ọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ibi tí orúkọ rẹ̀ wà lára òrùka.

Kíláàsì wa kọ lẹ́tà tiwa ní Nàgó. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ Faransé ló tún un kọ: nọ́ńbà, ọjọ́, Fidjrossè, Kútọnù, Benin. Ìyá ẹlẹ́ja ló kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò tẹ ìka. Èsì kò tíì dé bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ń bi mí ní gbogbo alẹ́ ẹ̀kọ́.