Orúkọ Mi Ni Ó Tọrọ

Òwe kan wà tí àwọn baba wa máa ń pa, pé ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó tilẹ̀ da àrán bora, aṣọ olè ni ó dà bora. Òwe náà dára láti fi kìlọ̀ fún ọmọdé kí ó tó na ọwọ́ sí ohun ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ojú mi rí i pé, bí a bá sọ ọ́ di òfin lé orí ẹni tí ó ti jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán, ó lè ti ènìyàn padà sínú olè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun ìyìn fún mi.

Ní ìjọ tí mo ti ń ṣe katikíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó ń bá oníṣòwò pákó ṣiṣẹ́. Ó ná owó ọ̀gá rẹ̀, a fà á lọ sí ilé ẹjọ́, ó jẹ́wọ́, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, nítorí ní púpọ̀ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, a máa ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní iṣẹ́ igi, aṣọ rírán àti bàtà ṣíṣe. Ní ọjọ́ tí ó jáde, ìyá rẹ̀ mú un wá sí ilé mi. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gba àdúrà gígùn, mo rán an létí ìmọ̀ràn tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ fún ẹni tí ń jalè pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, mo sì fún un ní owó ọkọ̀. Gbogbo wa ṣe Àmín.

Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá káfíńtà kan ní òun yóò gbà mí sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ onídùúró tí yóò fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ sí ìwé yìí. Èmi kò ní ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀.”

Mo wo ìwé náà. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé, bí ó bá tún jí nǹkan ńkọ́? Kí ni àwọn àgbà ìjọ yóò wí? Mo dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà ná.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Kò tún mú ìwé náà wá mọ́, èmi náà kò sì béèrè rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí a fi mú un ní òru pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá tí ó jí gbé. Ó tún padà sí ẹ̀wọ̀n. Mo lọ kí ìyá rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún un. Ó jẹ́ kí n sọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Orúkọ yín ni ó tọrọ.” Èmi kò rí èsì fọ̀.

Èmi kò wí pé ọwọ́ mi ni ó jí ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó jí i ni yóò dáhùn fún un níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo wádìí bí ó ti lo oṣù mẹ́rin náà. Ó ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, títí ẹnìkan fi dá a mọ̀, tí wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Ó wá iṣẹ́ ní ìsọ̀ méjì mìíràn, àwọn náà béèrè onídùúró. Ní ìkẹyìn, àwọn tí kò bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ ni àwọn tí wọ́n ti jọ wà níbẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ì báà ṣe ìwàásù.

Ìjọba kò ṣàì rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2019, òfin titun yí orúkọ Nigerian Prisons Service padà sí Nigerian Correctional Service, láti fi hàn pé àtúnṣe ìwà ni iṣẹ́ rẹ̀. Òfin náà pàṣẹ pé kí a fún ẹlẹ́wọ̀n tí ó hu ìwà rere ní ìwé ẹ̀rí nígbà tí ó bá ń jáde, kí a má sì ṣe fi ẹ̀wọ̀n tí ó ti ṣe yà á sọ́tọ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ni fi orúkọ sí ìwé onídùúró. Àwa ará ìlú kò tilẹ̀ fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a dá lẹ́bi àti ẹni tí a kàn tì mọ́lé láti dúró de ìdájọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń dúró de ìdájọ́ ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street ti di ibi ìgbafẹ́ láti 2010, a sì sọ ọ́ ní Freedom Park. A fún ògiri ẹ̀wọ̀n ní orúkọ titun. Ẹni tí ó ti inú ògiri jáde ni a kò fẹ́ fún.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún jáde, èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Àwa méjèèjì jọ rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ọ̀gá méje kọ̀ fún wa. Ẹni kẹjọ, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa láìfi ohun kan pamọ́ fún un, ó sì ní, “Ẹ̀yin Tíṣà, ṣé ẹ ó dúró fún un?” Mo ní èmi yóò dúró. Ọwọ́ mi gbọ̀n bí mo ti ń kọ orúkọ mi. Ọ̀gá náà fi ọgbọ́n ṣe é: ó ń san owó iṣẹ́ fún un ní ojoojúmọ́, kò fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ ní ọdún kìn-ín-ní, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹlẹ́wọ̀n nínú ìsọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá igi sọnù. Gbogbo ojú yí sí ẹnìkan ṣoṣo. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí, mo sì bá ọmọ náà níbi tí ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, kí n kúkú máa lọ kí wọ́n tó lé mi.” Mo wí fún un pé, “Bí o bá lọ, o ti jẹ́bi. Jókòó.” Mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi pàápàá, oorun kò sì kùn mí ní òru náà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ kan jẹ́wọ́ pé òun ni òun yá ọ̀rẹ́ òun ní ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo wọn. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣe fún un ju ọ̀pọ̀ ìwàásù mi lọ.

Ọdún kẹta rèé tí ó ti wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò fi í yangàn, nítorí ọ̀la kò sí ní ọwọ́ mi, orúkọ mi ṣì wà nínú ìwé náà síbẹ̀.

Mo kọ́ ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nítorí Ónésímù ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí. Mo ti wàásù lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, níbi tí àpọ́sítélì náà ti ṣèlérí pé òun ni yóò san gbèsè yòówù tí ọkùnrin náà bá jẹ. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ìwé onídùúró ni. Ẹ̀yin ará, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ilé ẹjọ́ ti fi ọ̀tún ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ wa ni òsì wà.