Erin Wọ Sinimá, Ẹtu Ò Ríbi Dúró

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí Kérésì kù dẹ̀dẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà wọ agbádá, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání, ó di ilé sinimá n'Íbàdàn. Kì í ṣe fàájì ló gbé bàbá yìí jáde o. Fíìmù Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ló fẹ́ẹ́ wò. Ọmọ ọ̀hún ti ta mọ́tò rẹ̀ nídìí fíìmù yìí, ó sì tún yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé e.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọge tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ṣe é. Ó ti parí."

"Ìgbà wo lẹ máa tún ṣe é?"

"Ó di lọ́la, sà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ náà ni."

Bàbá gbójú sókè wo pátákó. Fíìmù ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, láti ọ̀sán títí dòru. Ta ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ laago mẹ́wàá àárọ̀ wá wo sinimá? Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti yọ fíìmù ọmọ bàbá kúrò pátápátá. Wọ́n ní èrò ò wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá yìí nígbà tí Olóyè Hubert Ògúndé gbé fíìmù Aiyé jáde lọ́dún 1979. Láyé ìgbà yẹn, fíìmù Íńdíà tí wọ́n ti ń kọrin tí wọ́n ń jó, ti àwọn Ṣáínà oníjà, àti ti Amẹ́ríkà oníbọn ló kún ilé sinimá wa. Owó pọ́ọ́kú ni àwọn onísinimá fi ń rí wọn gbà. Ṣùgbọ́n Ògúndé, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, àti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa sunkún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú mọ́tò, wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àti òtẹ́ẹ̀lì káàkiri. Wọ́n ń lo Gbọ̀ngàn Ìṣeré ní Ìgànmú l'Ékòó pẹ̀lú. Èrò ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Àmọ́ ọ̀nà náà ní ẹ̀gún tirẹ̀: Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe lọ́dún 1982, àwọn olè ló dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tà á, tí wọ́n kó ọkùnrin náà sí gbèsè.

Nǹkan ti yí padà lóde òní. Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni erin ti ń wá mọ́. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ọmọ wa ni, ayọ̀ sì ni fún wa. Àwọn tí wọn ò gbà láàyè lánàá ti di ẹni tí wọ́n ń sá lọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?

Ká má parọ́, onísinimá náà ní tiẹ̀ í sọ. Dísẹ́ẹ̀lì tó máa jó tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó náà ni yóò jó tí igba èèyàn bá jókòó. Owó tí fíìmù ńlá ń mú wọlé ló ń sanwó ilé, òun ló ń sanwó òṣìṣẹ́. Bí erin ò bá wá, ilé lè tì, ẹtu pàápàá ò sì ní ríbi wọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn èèyàn nìyí: fíìmù kékeré ò lówó ìpolówó. Ẹnu ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ẹnìkan á wò ó, á sọ fún ará ilé rẹ̀, ìyẹn á sọ fún ọ̀rẹ́. Èyí ń fẹ́ àkókò. Bí wọ́n bá wá jù ú sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ta ni yóò rí i tí yóò sọ fún ẹlòmíràn? Wọ́n dè é lẹ́sẹ̀, wọ́n tún ní kò lè sáré. Ṣé ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ṣoṣo, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pọ̀ jù láti fún un?

Nígbà tí ọmọ délé tó ń bínú, bàbá ní, "Ìwọ náà jẹ̀bi. Kí lo wá lọ sóṣù Kejìlá, tí gbogbo erin ń jáde? Ṣé Ògúndé dúró de onísinimá ni?"

Nígbà ọdún Àjíǹde, wọ́n gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú wọn, wọ́n háyà àga àti jẹnẹrétọ̀. Agbádá ọjọ́sí náà ni bàbá wọ̀. Iwájú ló jókòó sí. Owó tó wọlé ò tó san ìdajì gbèsè, ṣùgbọ́n ìlú wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n sì ń bi ọmọ náà ìgbà tó máa ṣe òmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé fíìmù Yorùbá kékeré ò dáa, èwo lẹ sanwó wò gbẹ̀yìn? Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ọ̀kan jáde, ẹ tètè lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lè má bá a níbẹ̀ mọ́.