Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ń Kọ Eré

Tí o bá bi àwọn èèyàn àdúgbò wa pé ta ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá, "bàbá tó kọ Ṣaworoidẹ" ni wọ́n máa sọ. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á fi Ó Le Kú kún un, wọ́n á sì rántí ìró péńpé tí àwọn obìnrin ń ró kiri lẹ́yìn tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní 1997. Pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá náà ní Ifẹ̀, ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ó kàn mí, torí mo fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì, mo sì fẹ́ máa kọ eré. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí mo ti ka máásítà, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéga, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ni wọ́n ń kà. Wọ́n ní eré Yorùbá, fàájì ni. Kí n yáa mú ọ̀kan. Wọn ò bú mi o, bí ẹni ń gba ọmọ ẹni nímọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo wá lọ tú iṣẹ́ Ìṣọ̀lá wò. Èdè Faransé ló kà ní Ìbàdàn. Ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Nígbà tó ń ṣe máásítà Yorùbá ní Yunifásítì Èkó, Ṣàngó pípè ló ṣèwádìí lé lórí. Ó Le Kú dé ní 1974. (Èmi fara mọ́ Ó Le Kú ju Ẹfúnṣetán lọ, ẹ má bínú.) Ó tún tú Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká kọ sí Yorùbá. Ṣaworoidẹ ló wá dé ní 1999.

Ibo lẹ fẹ́ la ààlà sí nínú gbogbo èyí? Ẹ wo Ṣaworoidẹ. Lápité jọba Jogbo, ó kọ̀ láti sín gbẹ́rẹ́ tí ọba gbọ́dọ̀ sín. Tó bá wá dé adé, tí ìlù náà sì dún sí i létí, ó parí nìyẹn. Ẹni tí kò fetí sí àwọn tó ń pe Ṣàngó rí, báwo ló ṣe máa ronú kan irú ìlù bẹ́ẹ̀? Ìwádìí yẹn ló ń fọhùn nínú fíìmù.

Òun nìkan kọ́. Adébóyè Babalọlá tó kọ ìwé ńlá lórí ìjálá ní 1966 náà kọ eré, Pàsán Ṣìnà. Wándé Abímbọ́lá ṣe gíwá Ifẹ̀, babaláwo sì ni.

Ti Sophie Olúwọlé ló wù mí jù. Fìlọ́sọ́fì ni màmá ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Èkó, ẹsẹ Ifá ni wọ́n sì ń tú. Àwọn kan ní ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ kì í ṣe fìlọ́sọ́fì. Màmá gbé Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates, wọ́n sì rán wọn létí pé Socrates alára ò kọ ìwé kankan sílẹ̀.

Lóòótọ́, nígbà tí Ìṣọ̀lá àti Babalọlá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ Yorùbá ṣì tuntun ní yunifásítì, kò tíì sẹ́ni tó sọgbà yí i ká. Lónìí, máàkì là ń kà.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé wà níwájú mi báyìí. Àlàfo kan ṣoṣo ló wà fún àkòrí ìwádìí, mo sì ti kọ ẹkún ìyàwó sí i. Eré mi ti dé ìran kẹta. Ìyàwó ń dágbére fún ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ohùn ìyá àgbà kan tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló sì fi ń sunkún.