Láti Òṣogbo dé Iléṣà: Ìdí tí Èdè Jàpáànì Fi Kan Ìyàwó Ilé

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín lónìí pé kí ẹ lọ kọ́ èdè Jàpáànì, bóyá ẹ̀rín ni ẹ ó kọ́kọ́ rín. Ẹ ó béèrè pé kí ni ti Jàpáànì nínú ọ̀rọ̀ obìnrin tí ń gbé Òṣogbo tàbí Iléṣà, tí ó ń jí gbọ́ ti oúnjẹ ọmọ, tí ó sì tún ń sáré lọ sí ọjà. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí a jọ rin ìrìn kúkurú kan, kí a wo ohun tí ojú wa ti ń rí tipẹ́ tí a kò kà sí.

Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àtẹ àwọn tí ń ta èlò ọbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú, ata àti iyọ̀, ẹ ó rí ajínòmótò. Orúkọ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé èdè Jàpáànì ni? "Ìpìlẹ̀ adùn" ni ó túmọ̀ sí. Ní ọdún 1908 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, Kikunae Ikeda, wádìí ohun tí ó ń mú kí omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé inú òkun sè máa dùn. Ó rí ohun náà, ó sì pe adùn rẹ̀ ní umami. Kì í ṣe adùn ṣúgà, kì í ṣe ti iyọ̀. Kò kan, kò sì korò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irú se ọbẹ̀ ti mọ adùn náà láti kékeré, nítorí ó wà nínú irú pẹ̀lú. Ẹja inú agolo tí a ń pè ní Geisha ńkọ́? Èdè Jàpáànì náà ni: obìnrin tí a kọ́ ní orin, ijó àti ìlù láti máa dá àwọn àlejò lára yá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èdè náà ti wọ ilé ìdáná wa kí a tó mọ orúkọ rẹ̀.

Láti ọjà, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀nà odò Ọ̀ṣun. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró àwọn ará inú omi. Láti inú ìtàn yìí ni a ti mọ̀ pé Òṣogbo àti Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àjèjì sí ara wọn, àti pé aró ni ìlú náà fi ń mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ aláró mọ bí a ti ń ṣe é. A ó gún ewé èlú, a ó mọ ọ́n ní ìṣù, a ó sá a. A ó sẹ́ omi láti ara eérú, a ó re èlú náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi jẹrà. Bí a bá fi ìko so aṣọ, àdìrẹ oníko ni. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ rán an, alábẹ́rẹ́ ni. Bí a bá sì fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i lára, ẹlẹ́kọ ni. Ẹ wá wo ohun ìyanu. Ní Arimatsu, ní ìlú Nagoya ní Jàpáànì, láti nǹkan bí 1608 ni wọ́n ti ń fi okùn so aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Shibori ni wọ́n ń pè é. Ewé tiwọn yàtọ̀ sí èlú, ṣùgbọ́n àwọn náà ń jẹ́ kí ó jẹrà, àwọn náà sì ń lo omi eérú. Àwọn náà ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí aṣọ, àfi pé ìrẹsì ni tiwọn. Láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ́ ẹnìkejì, ọgbọ́n àwọn ènìyàn méjèèjì bá ara wọn mu. Ní 1983 ni Nike Davies-Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo kan náà yìí, kí ọgbọ́n àdìrẹ má baà parun. Ọ̀dọ́bìnrin aláró tí ó bá gbọ́ èdè Jàpáànì yóò lè bá aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láìsí ògbufọ̀, yóò kọ́ tiwọn, yóò sì fi tiwa hàn wọ́n. Ìdí kan nìyẹn.

Nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, tí a bí ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915, tí ó sì dé Nàìjíríà ní 1950. Nígbà tí ó pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, òun kò gbọ́ Yorùbá, bàbá náà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ́ èdè wa, títí ó fi di Àdùnní Olórìṣà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú jọ tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n sì dúró ti igbó náà kí a má baà pa á run. Ní 2005, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Òṣogbo ni ó kú sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009. Ẹ̀sìn rẹ̀ lè má jẹ́ ẹ̀sìn yín, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èdè ṣe: ó sọ àjèjì di ọmọ ìlú. Bí obìnrin Austria bá lè kọ́ Yorùbá ní Òṣogbo, ta ni yóò sọ pé obìnrin Òṣogbo kò lè kọ́ èdè ẹlòmíràn?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, kò jìnnà. Ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa Òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ni, tí wọ́n ń gbé aṣọ káàkiri láti ìlú dé ìlú, títí dé òkè Ọya, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì yóò sì dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò: ẹni tí yóò tajà láwìn fún àjèjì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí àjèjì ń sọ. Bí kò bá gbọ́ ọ, báwo ni yóò ṣe mọ ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀tàn? Èdè ni ìwé ẹ̀rí òwò náà. Ní àwọn ọdún 1930, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Jàpáànì pọ̀ ní ọjà ilẹ̀ wa, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin ní 1934 láti dín in kù. Òwò àárín wa àti àwọn ènìyàn náà kì í ṣe ti àná. Ọjà wọn ni ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Àwa ni a kò tíì dá a lóhùn.

Ẹ ó ní èdè náà le. Apá kan rẹ̀ le lóòótọ́, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ní ohun tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ohùn ni ó yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ame lẹ́nu ará Tokyo: bí ohùn bá ti òkè wá sílẹ̀, òjò ni, bí ó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, súìtì tí ọmọdé ń lá ni. Bí wọ́n bá sì yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a ṣe é bí a ti ń ṣe é. Àwa ní mílíìkì, wọ́n ní miruku. Àwa ní bọ́ọ̀sì, wọ́n ní basu. Àwa ní kíláàsì, wọ́n ní kurasu.

Ìkíni wọn ńkọ́? Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, yóò ní "tadaima", èyí ni pé mo dé. Ìyá rẹ̀ yóò ní "okaeri", èyí ni káàbọ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni wọ́n ń kí ní "otsukaresama", tí í ṣe ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wò ó bí yóò bá dùn létí. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn a ní "gochisōsama" láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó se oúnjẹ. Ìwọ̀n ọ̀wọ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ o yàtọ̀ sí ẹ. Jíjẹ tí ọ̀rẹ́ ń jẹ ni taberu. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni, meshiagaru ni wọn yóò sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti lé Yorùbá jáde nínú ilé, tí ẹ ń na ọmọ bí ó bá sọ ọ́, ẹ dúró kí ẹ rò ó. Ọmọ tí ó mọ ohùn mẹ́ta Yorùbá, tí ó mọ bí a ti ń kí àgbà, ti gun àtẹ̀gùn púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èdè Jàpáànì. Ọmọ tí ẹ gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ.

Ìdí mìíràn wà tí ó kàn yín gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìlànà ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà ni àwọn ọkùnrin ààfin Jàpáànì fi ń kọ̀wé pàtàkì. Lẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní hiragana ni àwọn obìnrin ń lò, débi pé "ọwọ́ obìnrin" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà náà ni Murasaki Shikibu, opó tí ó ní ọmọbìnrin kan, fi kọ Ìtàn Genji, ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àròsọ gígùn tí ó pẹ́ jùlọ ní ayé. Títí di òní ni ayé ń kà á.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ni ó kù. Láti 1954 ni ìjọba Jàpáànì ti ń fi owó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún òfófó. Ní oṣù Kẹjọ 2025, àjọ JICA ti Jàpáànì yan ìlú Kisarazu láti máa bá Nàìjíríà ṣe ọ̀rẹ́. Kíá ni ìròyìn gba ìgboro wa pé ìwé ìrìnnà àkànṣe ti dé fún àwọn ọ̀dọ́. Ìjọba Jàpáànì sọ pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ará ibẹ̀ náà, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n wọ́gi lé ètò náà. Ẹni tí ó lè ka ọ̀rọ̀ láti orísun rẹ̀ kò ní kó owó ìdáná fún aṣojú ẹlẹ́tàn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà hiragana jẹ́ 46. Ẹ kọ ọ̀kan lójúmọ́ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Kí ọbẹ̀ tó hó, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kan àbọ̀, ẹ ó ti parí wọn. Ilé iṣẹ́ rédíò NHK ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Lẹ́tà ńláńlá tí a ń pè ní kanji ni ó ṣòro. 2,136 ni ìjọba wọn kà sí èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò, ọdún púpọ̀ ni a sì fi ń kọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ kọ́ ìkíni ná, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi kí yín ní ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín dé oko ẹlòmíràn, kí wọ́n sì mọ ti bàbá wọn dáadáa kí wọ́n tó lọ.