Ẹsẹ̀ Tí Ń Rìn Ni Òṣùwọ̀n

Bí ẹ bá bi àwọn tí ń fín oògùn èpò léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n, iye ìdérí tí wọ́n ń bù sí táǹkì kan ni wọn yóò sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ara ike oògùn kì í sọ̀rọ̀ táǹkì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń sọ, bí àpẹẹrẹ, lítà kan fún hẹ́kítà kan. Iye táǹkì tí yóò tó hẹ́kítà kan kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe oògùn. Ó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó pọn ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lóko àgbàdo màmá mi lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin méjì ló pín oko náà fín. Táǹkì ẹnì kọ̀ọ̀kan gba lítà 15, mílílítà 100 oògùn kan náà sì ni wọ́n ń bù sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ̀ ẹni kìíní dára. Ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ewé àgbàdo pọ́n, kò sì ga mọ́. Àwọn ará oko ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Màmá mi ti pinnu pé àwọn kò ní í sanwó fún un.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe sùúrù. Mo wọn ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10. Mo ní kí àwọn méjèèjì fi omi lásán fín in, kí wọ́n máa rìn bí wọ́n ṣe ń rìn lójoojúmọ́. Ẹni kìíní parí ní ìṣẹ́jú àáyá 100, ó lo omi lítà kan àbọ̀. Ẹnì kejì, tí kò fẹ́ kí koríko kan ṣẹ́kù, lo ìṣẹ́jú àáyá 200 àti lítà mẹ́ta.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 100 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Nítorí náà, ẹni kìíní yóò lo lítà omi 150, èyí tí í ṣe táǹkì 10. Ẹnì kejì yóò lo lítà 300, táǹkì 20. Bí lítà oògùn kan bá jẹ́ ti hẹ́kítà kan, mílílítà 100 ló tọ́ sí táǹkì ẹni kìíní, ṣùgbọ́n mílílítà 50 péré ló tọ́ sí ti ẹnì kejì. Ìlọ́po méjì ni àgbàdo ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó fara balẹ̀ jù lọ.

Ìwọ̀n kan náà ń sọ àkókò. Ẹni kìíní yóò fi wákàtí mẹ́ta dín ìṣẹ́jú 13 fín hẹ́kítà kan. Ẹnì kejì yóò lo wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 33, láìka ìgbà tí wọ́n ń pọn omi.

Màmá mi san owó ọkùnrin náà pé. "Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú," ni wọ́n wí, "a kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣírò ni."

Kí ẹ tó já ìdérí oògùn, ẹ kọ́kọ́ fi omi wọn ìrìn ẹni tí yóò fín in. Bí ẹlòmíràn bá gba ẹ̀rọ, tàbí bí ẹ bá pààrọ̀ ẹnu ọ̀pá rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n.