Ta Ló Pe Pòròpórò Ní Pàǹtí?

Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìlú tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo lọ́dún 1980. Síbẹ̀, mo mọ ohun tó ń jẹ́ títò fún epo. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo kà á pé a lè rí epo ọkọ̀ láti ara pàǹtí oko.

Ṣebí àwọn tó ń pọn ògógóró ti mọ iṣẹ́ náà tipẹ́: wọ́n á jẹ́ kí ẹmu kan, wọ́n á sè é, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì di ọtí líle. Ìwọ̀n 78 Celsius ni ọtí ń hó, nígbà tí omi ń dúró de 100. Bí a bá yọ omi rẹ̀ tán, a lè pò ó mọ́ bẹntiróòlù. Ọdún 1975 ni ìjọba Brazil dá ètò fífi ọtí ìrèké wa ọkọ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2007, ìjọba Nàìjíríà náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde, pé kí a máa po ìdá 10 nínú 100 mọ́ epo ọkọ̀.

Pòròpórò ọkà bàbà ni mo fojú sí. Mo tọ Bàbá Haúsá aládùúgbò wa lọ lẹ́yìn ìkórè, mo ní kí wọ́n fún mi ní pàǹtí oko wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, pàǹtí wo? Òun ni màlúù mi ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn. Òun ni mo fi ṣe ọgbà. Èyí tó kù ni ìyá àwọn ọmọ fi ń dáná."

Ojú tì mí. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láti kékeré!

Mo wá yíjú sí ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní Panteka. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n ní àwọn tó ń sin adìẹ máa ń kó díẹ̀, wọ́n á sì dáná sun ìyókù. Ṣùgbọ́n inú igi le: ìwúkàrà kò lè jẹ ṣúgà inú rẹ̀ àfi tí a bá kọ́kọ́ fi ásíìdì tàbí ẹ́ńsáìmù tú u. Braconnot, ará Faransé, ti fi ásíìdì ṣe é lọ́dún 1819. Owó tí yóò ná ni ìṣòro títí dòní.

Iṣẹ́ náà ṣì wù mí í ṣe. Ṣùgbọ́n bí gbogbo pòròpórò bá di epo fún ọlọ́kọ̀, kí ni màlúù Bàbá yóò jẹ? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí a tó pe nǹkan ní pàǹtí, ẹ jẹ́ ká bi olóko.